Àwòrán Méjìlá Tí Fóònù Màámi Kò Lè Pè

                                                            Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà.

Abẹ́rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ tí mi ò ní irú rẹ̀ méjì,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mọlé níbi iṣẹ́ tuntun yẹn? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ọmọbìnrin rẹ kékeré, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ? Bá mi fi ẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Ní tèmi, ara mi le, mo sanra díẹ̀, mo sì ti di alágídí. Ọ̀rọ̀ alágídí yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi lọ́kàn pé mi ò kọ̀wé láti ọjọ́ ìgbéyàwó. O pè mí lórí fóònù nígbà mẹ́rin, gbogbo ohun tí mo sì rí sọ kò ju "hẹn-ẹn" àti "a dúpẹ́" lọ. Ìwọ fúnra rẹ lo wá sọ pé, "Adákẹ́, bí ẹnu rẹ bá wúwo, ṣe bí o ti máa ń ṣe ní sukúù. Kọ ọ́ sórí bébà kí o jù ú sí mi lábẹ́ tábìlì." Ó dáa, mo ti jù ú báyìí. Má wo lẹ́tà tó bá wọ́ o. O mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá tó ń kọ pátákó.

Ilé ọkọ dára, mi ò ní parọ́. Yàrá méjì la ní. Fèrèsé wa dojú kọ òrùlé ilé ìtẹ̀wé, ariwo ẹ̀rọ wọn ló sì máa ń jí wa láàárọ̀. Ọkọ mi kì í pariwo. Àwa méjèèjì lè jókòó kí a máa wojú ara wa títí tíì wa á fi tutù. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Títí di oṣù tó kọjá, bí mo bá fẹ́ pè é láti yàrá kejì, ńṣe ni mo máa ń wúkọ́. Má rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni ojú wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan ló kù tí wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n má rò pé wọ́n jókòó sójú kan o. Fóònù wọn ń sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá fi ìka kàn lójú fóònù náà, ohùn obìnrin kan tó wà nínú rẹ̀ á ka ohun tó wà níbẹ̀ síta, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Ohùn yẹn máa ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àlejò ni Màámi sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá wọlé nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Àlejò, dákẹ́ ná."

Ibi iṣẹ́ ọkọ mi kò jìnnà sílé, òkè ilé tí wọ́n ti ń ta táyà ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń mi orí bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Ìkànnì ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ènìyàn, irú ojú ìwé tí èèyàn ń ṣí lórí fóònù. Mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ọkọ mi, bí mo bá sì dé, mi ò ní wọlé. Màá kan ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, màá sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ títí ẹnìkan á fi gbójú sókè. Ọ̀gá wọn ló sọ mí ní Ìyàwó Ẹnu-Ọ̀nà. Gbogbo wọn sì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo dúró sí ẹnu-ọ̀nà mi bẹ́ẹ̀, mo rí ọkọ mi tó ń ya ibùsùn lójú kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́, ká ní o rí ibùsùn yẹn! Ó dà bí màlúù tí kò lórí. Mi ò lè pa á mọ́ra, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, gbogbo wọn sì yíjú wò mí. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo wọlé. Mo mú bírò, mo ya ibùsùn sẹ́yìn páálí kan: ìlà gbọọrọ kan, ẹsẹ̀ méjì, ìrọ̀rí kan. Ó tán. Ọ̀gá gbé páálí náà jìnnà sójú, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní bàbá tó ń kọ pátákó ni. Wọ́n ní, "Ó dáa, Ìyàwó Ẹnu-Ọ̀nà, ó ku mọ́kànlá."

Ilé ìwòsàn kan ló gbé iṣẹ́ náà wá. Wọ́n fẹ́ ìkànnì tí èèyàn á fi lè gba àyè láti rí dókítà láìlọ tò sórí ìlà láti àárọ̀. Àwòrán kéékèèké méjìlá ló máa wà lójú rẹ̀: ibùsùn, ìgò oògùn, ojú, eyín, aláboyún, ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀, àga onítáyà, aago, fóònù, ilẹ̀kùn, àti ọkọ̀ pàjáwìrì. Wọn ò fẹ́ fi fọ́tò ṣe é, torí fọ́tò máa ń wúwo, ó sì máa ń ṣú bí èèyàn bá fẹ̀ ẹ́. Fọ́ǹtì ni wọ́n fẹ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọkọ mi ṣe ṣàlàyé fún mi. Gbogbo lẹ́tà tí ò ń rí lójú fóònù, inú fọ́ǹtì ló ń gbé. Fọ́ǹtì dà bí ilé gbọọrọ kan tó ní yàrá púpọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà A ń gbé inú tirẹ̀, lẹ́tà B ń gbé inú tirẹ̀. Bí o bá lé lẹ́tà jáde tí o fi àwòrán síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa kọ àwòrán yẹn bí ìgbà tó ń kọ lẹ́tà. O lè sọ ọ́ di ńlá, o lè kùn ún ní àwọ̀ tó wù ọ́, kò ní ṣú. Ilé tèmi kò ju yàrá méjìlá lọ. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó fọ́tò kan ṣoṣo, fóònù tó ti gbó pàápàá á ṣí i wàrà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà tó wà nígun yàrá, tí bọ́tìnì rẹ̀ méjì ti yọ. Ìgò oògùn rẹwà bí mo bá fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ di ìwọ̀n èékánná, agogo ni. Mo gé ọrùn rẹ̀ kúrú, mo fún un ní ìdérí, ó di ìgò padà. Àga onítáyà ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo ya táyà, mo ya ihò inú rẹ̀, ihò náà dí, ó dúdú kirikiri. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yà á tí mo ń pa á rẹ́. Àṣé bí ìlà òde bá yí lọ sọ́tùn-ún, ìlà inú gbọ́dọ̀ yí lọ sósì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà á rò pé ara kan náà ni wọ́n. Nígbà tí mo yí i padà tí ihò náà là gbàràdà, mo pariwo. Èmi, mo pariwo! Ọ̀gá ní ṣé eku ni.

Àṣìṣe mi rèé o. Nígbà tí mo fẹ́ kó àwọn àwòrán náà sínú yàrá wọn, mo ní kí n fi wọ́n síbi tí mi ò ní gbàgbé. Mo fi ibùsùn sí yàrá A, mo fi ìgò oògùn sí B, mo fi ojú sí D. Mo ṣáà tò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìwé kìíní. Bí mo bá tẹ A, ibùsùn yọ. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni mo dá. Iṣẹ́ mìíràn kún ọwọ́ ọkọ mi, ó wò ó lójú kan, ó ní ó dáa. Ọ̀gá ní ó mọ́ lójú. Ká sọ òótọ́, kò sí ohun tí Ọ̀gá fẹ́ràn tó kí nǹkan mọ́ lójú. Wọ́n ti sọ fún ilé ìwòsàn pé kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ àwòrán wọ̀nyẹn, torí ọ̀rọ̀ ń ba ẹwà jẹ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn wá wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Mo ṣí ìkànnì náà sórí fóònù Màámi, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ wò ó, Màámi," bí ẹni pé wọ́n lè wò ó.

Wọ́n fi ìka kan ibùsùn mi. Àlejò ní, "A."

Wọ́n sún ìka síwájú. "B."

Wọ́n tún sún un. "D."

Màámi dúró. "Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ṣé wọ́n ti dá mi padà sí ìwé kìíní ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n fi ìka wá gbogbo ojú ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́tà ni, lẹ́tà ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dá fóònù padà sí mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń dá abọ́ oúnjẹ tí kò lè jẹ padà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣáà máa bá mi tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń ṣe. Kò burú."

Abẹ́rẹ́, "kò burú" yẹn ló gún mi lọ́kàn.

Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo bi wọ́n pé ta ló máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ kí n tó dé. Wọ́n ní lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló bá wọn gba àyè ní ilé ìwòsàn mìíràn. Ó ní dandan ni kí òun mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, torí òun gbọ́dọ̀ mọ èyí tí òun máa tẹ̀. Wọ́n sọ fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ kí wọn lórí àtẹ̀gùn pé, "Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀ yẹn o."

"Láti ọjọ́ náà," Màámi wí, "ibi yòówù kó máa dùn mí, orí fífọ́ ni mo máa ń sọ. Orí ò sì fọ́ mi rí láyé mi."

Ọ̀rẹ́ mi, ó ti tó oṣù kan tí Màámi ti ń sọ fún wa pé orí ń fọ́ àwọn. Ojoojúmọ́ la ń fún wọn ní oògùn orí.

Mo ní, "Màámi, ẹ ò lè sọ fún ọkọ mi?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi ọkùnrin? Kí n sọ ọ́ lójú ọmọ mi ọkùnrin?" Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi rí, wọ́n ní, "Ìwọ kẹ̀? Ojú ń tì ọ́ ju èmi lọ. Tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, àwa méjèèjì ni a máa sá jáde."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Torí náà, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí fóònù yẹn lè pe àwòrán mi ní orúkọ wọn, kí Màámi fi ìka ara wọn tẹ ohun tí wọ́n fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dá sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo kan ilẹ̀kùn, mo dúró, wọ́n ní kí n wọlé. Mo ṣàlàyé, mo ń kólòlò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Afọ́jú mélòó ló máa wá wo ìkànnì, Ìyàwó Ẹnu-Ọ̀nà? Wíwò là ń wò ó."

Mo ní ẹnìkan ń bẹ nílé wa.

"Ẹ bá a tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Mo ní kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń bá èèyàn tẹ̀, sà. Mo ní kí a tún yàrá wọn tò, kí a sì kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá bá yí àga wọn padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ìwé mélòó lo kà?"

"Mẹ́fà, sà."

"Nínú èmi àti ìwọ, ta ló mọ ohun tí oníbàárà fẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó tán."

Abẹ́rẹ́, kò tán. Ojú mi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún nǹkan kan jókòó, ó kọ̀, kò dìde mọ́. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà igun yàrá, mo da gbogbo àwòrán mi, bí mo ṣe yà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, sínú fìláàṣì kékeré kan tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo fi í sápò, mo sì lọ sílé. Èyí tó ti parí ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Kí wọ́n máa mú un lò.

Ìjà àkọ́kọ́ témi àti ọkọ mi jà rèé, kò sì ní ariwo nínú. Ó dúró sẹ́nu-ọ̀nà yàrá, ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa tún un ṣe tó bá yá." Kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ ti wà níwájú mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Ìgbà wo ló máa ń yá?" Mo bi í pé ta ni orí ń fọ́ nínú ilé yìí. Ó ní Màámi ni. Mo ní, "Orí wọn ò fọ́." Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti sọ. Ó wò mí, ó wo ògiri tó wà láàárín àwa àti yàrá Màámi, ó tún wò mí. Ìgbà tó yá, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Fi ibi tó kù hàn mí."

Báyìí la ṣe tún un ṣe. Ní ìpẹ̀kun ilé fọ́ǹtì yẹn, àwọn yàrá kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo, tí lẹ́tà èdè kankan ò gbé. Ibẹ̀ ni mo kó àwọn àwòrán mi lọ, kí wọ́n má gba ilé onílé mọ́. Ọkọ mi wá kọ ọ́ sínú ìkànnì pé kí Àlejò rékọjá àwòrán náà láìsọ nǹkan kan, kó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, mo fi àáké kọ́rí pé ó gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo èèyàn. Ẹni tó ríran kedere pàápàá lè wo ìgò mi kó pè é ní agogo. Mo fi lẹ́tà tó nípọn kọ ọ́, dúdú lórí funfun. Àwọ̀ eérú lórí funfun ni Ọ̀gá máa ń fẹ́, ó mọ́ lójú lóòótọ́, èèyàn ò kàn ní rí i kà ni. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Àlejò pe gbogbo méjèèjìlá láìṣi ọ̀kan pè. Màámi tẹ̀ wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá bàtà tí àwọn ń wọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Màámi jọ lọ. Wọ́n di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, a gun àtẹ̀gùn ilé onítáyà yẹn. Mo dé ẹnu-ọ̀nà, mo rí Mátírọ́ọ̀nù tí wọ́n jókòó, obìnrin gíga kan tó so jígí mọ́ ọrùn, Ọ̀gá sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọwọ́ mi gbéra láti kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Màámi ò mọ̀ pé a ti dé ẹnu-ọ̀nà. Wọ́n ṣáà ń rìn lọ ní tiwọn, wọ́n sì fà mí wọlé.

Ọ̀gá wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó, oúnjẹ dà?"

Mo ní, "Mi ò gbé oúnjẹ wá, sà."

Mo kúnlẹ̀ kí Mátírọ́ọ̀nù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ fi fóònù wọn tẹ èyí tí Ọ̀gá fẹ́ fi hàn yín. Kí Ọ̀gá tó rí nǹkan sọ, Màámi ti jókòó, ọkọ mi sì ti ṣí i fún wọn. Ìka wọn lọ. "A. B. D."

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Kí ló ń sọ yẹn?"

Màámi ní, "Ó ń kọ́ mi níwèé, mà. Mo ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìwé kejì."

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín títí jígí wọn fi bọ́ lójú. Ọ̀gá ní, "Mà, ìyẹn kì í ṣe ohun tí àwọn èèyàn—" Mo dá wọn lẹ́nu. Abẹ́rẹ́, mo dá Ọ̀gá lẹ́nu! Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn, mà. Èmi ni mo fi àwọn àwòrán sínú yàrá àwọn lẹ́tà. Mo ti tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ èyí."

Ọkọ mi ṣí ti tuntun. Màámi kan ibùsùn, Àlejò pè é. Wọ́n kan ìgò, Àlejò pè é. Ojú, eyín. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ ni wọ́n dúró. Wọ́n ti ọwọ́ sápò aṣọ wọn, wọ́n fa okùn etí-ìgbọ́ràn jáde, wọ́n ki orí rẹ̀ kan bọ fóònù, wọ́n ki èkejì bọ etí. Fáànù nìkan ló ń mi orí. A ń wo ìka Màámi tó ń lọ, tó ń dúró, tó ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún ń lọ. Ọ̀gá wúkọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n yọ ọ́ létí, wọ́n ká okùn náà dáadáa. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá."

Mátírọ́ọ̀nù ní, "Kí ni ẹ fẹ́ rí dókítà fún, màámi?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti dókítà nìyẹn, mà."

Mátírọ́ọ̀nù wo fóònù tiwọn, níbi tí orúkọ Màámi ti wọlé, wọ́n wo Màámi, wọ́n sì dojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì. Wọn ò bi wọ́n ní nǹkan mìíràn mọ́. Ọ̀gá ní ó dáa, àwọn á kàn yọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kúrò kó lè mọ́ lójú. Mo ní, "Mi ò ní yọ ọ́, sà." Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mátírọ́ọ̀nù ní kí a fi sílẹ̀, àti pé àwọn fẹ́ mẹ́rin sí i: etí, egungun, awọ ara àti ọkàn. Wọ́n ní, "Ta ló yà á?"

Ọ̀gá ní, "Gbogbo wa la jọ ṣe é, mà."

Ọkọ mi dìde. Ó ní, "Ìyàwó mi ló yà á, mà." Kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ o. Mo fẹ́ wojú rẹ̀ àmọ́ ojú tì mí, fáànù ni mo ń wò.

Má rò pé ó ti parí síbẹ̀. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù lọ tán, Ọ̀gá lé mi bá lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní mo dójú ti àwọn níwájú oníbàárà, wọn ò gbọdọ̀ rí mi níbẹ̀ mọ́ àfi bí wọ́n bá pè mí. Mo ní àwòrán mẹ́rin ni Mátírọ́ọ̀nù ní kí n yà. Wọ́n ní àwọn á fún ẹlòmíràn yà. Mo ní, "Fìláàṣì tí mo kó àwòrán sí wà lọ́wọ́ mi, sà." Màámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, ta là ń bá sọ̀rọ̀? Mi ò rí ẹnì kankan o." Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn.

Ọkọ mi ní kí n kúkú lọ tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Mo ní mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀, ti A, B, D, lójú gbogbo èèyàn. Mi ò mọ òmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Mo sin Màámi dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì pe orúkọ wọn, wọ́n ní kí n jókòó síta. Wọ́n pẹ́ nínú ibẹ̀. Mo ka gbogbo bíríkì tó wà lára ògiri iwájú mi. Nígbà tí wọ́n jáde, ìwé oògùn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ká a kéékèèké. Oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jẹun dáadáa lánàá, wọ́n sì bá Àlejò jà bí wọ́n ti máa ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Mi ò bi wọ́n ohun tó ṣe wọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, a pàdé aládùúgbò yẹn lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Háà, Màámi, ẹ ti lọ ilé ìwòsàn! Ta ló bá yín gba àyè? Kí ló tún ń ṣe yín?"

Màámi fún ọwọ́ mi pọ̀. Wọ́n ní, "Orí ni."

Abẹ́rẹ́, bá mi kí ìyá rẹ, kí o kí ọkọ rẹ, kí o kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ tí wọ́n máa ń pè mí ní Àǹtí Adákẹ́. Màámi ní kí n kí ọ, pé bí o bá ń bọ̀ kí o má dúró sẹ́nu-ọ̀nà bí èmi. Mo kọ àdírẹ́sì ìkànnì náà sẹ́yìn ìwé yìí. Ṣí i lórí fóònù rẹ tó fọ́ lójú yẹn, ó máa ṣí. Bí ìgò oògùn bá ṣì dà bí agogo lójú rẹ, sọ fún mi kíá, màá tún un yà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́.

Mo ti ya etí. Mo ti ya egungun. Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá ò tíì pè mí. Mi ò ní gbé oúnjẹ dání, mi ò sì ní kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti abẹ́ tábìlì,

Adákẹ́.